Ẹ Má Dí Ihò Òrùlé Ìyá Onípákó

Àwọn àgbà ní òjò ò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọn ò tíì bá Ìyá Onípákó pàdé kí wọ́n tó sọ ọ́. Tipátipá ni obìnrin yìí fi mú òjò lọ́rẹ̀ẹ́, bí ẹni tó mú ewúrẹ́ aládùúgbò nínú ọgbà ewébẹ̀ rẹ̀, tó dè é mọ́ òpó, tó ní kò ní í lọ sílé àfi tó bá bá òun ṣiṣẹ́.

Etí igbó ńlá kan ló ń gbé. Igi ibẹ̀ sún mọ́ra débi pé ọ̀kẹ́rẹ́ lè gbéra láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, bó bá sì rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, ó lè yà sùn lọ́dọ̀ àna rẹ̀. Àwọn ará ìlú ńlá a máa wá síbẹ̀ láti wo igi, láti wo ẹyẹ, àti láti mí irú afẹ́fẹ́ tí ẹlòmíràn kò tíì mí síta rí. Ilé àlejò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ilé onígi gbọọrọ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kọjú sí igbó. Ọ̀gá ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè ní Máníjà. Táì kì í kúrò lọ́rùn ọkùnrin náà. Wọ́n ní ó ń fi í wẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Onípákó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun, ẹnikẹ́ni kì í wá wo igi. Wọ́n ń là á ni. Onípákó ni ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án jáde nílé bàbá rẹ̀, ó mú un wá sétí igbó, ó sì fi kòtò hàn án. Ẹnu kòtò yìí ni wọ́n máa ń gbé ìtì igi dábùú. Ọkọ a gun orí igi, aya a wọ inú kòtò lọ, wọn a di ayùn gígùn mú lókè, mú nísàlẹ̀, wọn a sì máa fà á: òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Ẹni tó wà lókè ń rí ojú ọ̀run, ó ń kí àwọn tó ń kọjá, wọ́n sì ń kí i kú iṣẹ́. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń fi ojú àti imú gba lẹ́búlẹ́bú igi, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà láyé. Nínú kòtò yẹn, ojú ò wúlò, etí ló ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìyàwó fi mọ bí ayùn ṣe ń dún nínú ìrókò, bó ṣe ń dún nínú arère, àti bó ṣe ń kùn nínú apá bí ọkọ tí wọn ò gbé oúnjẹ fún.

"Ìyàwó," ọkọ rẹ̀ a kígbe látòkè, "irú igi wo là ń là yìí ná?"

"Apá ni," aya a dáhùn látinú ilẹ̀. "Bí o bá ń ṣiyèméjì, wá bi apá mi méjèèjì."

Ohun kan wà tí Onípákó máa ń ṣe tí kò yé aya rẹ̀. Nínú irú igi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá là, ó máa ń yọ pákó kan sọ́tọ̀ sínú àgọ́ ìlagi wọn, kò sì ní í tà á bó ti wù kí oníbàárà bẹ̀ ẹ́ tó. Aya rẹ̀ bi í títí kí ni ó fẹ́ fi wọ́n ṣe.

"Bó bá dọjọ́ tí ẹnì kan ní irú igi báyìí ò sí rí," ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn, "mo fẹ́ ní ohun tí mo máa fi bá a jiyàn."

Iyàn jíjà ló máa ń fi ṣe oúnjẹ, ọkùnrin náà. Nígbà tó yá, ìjọba fòfin de gígé igi nínú igbó náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Onípákó pa ipò dà. Àgọ́ ìlagi dákẹ́, òrùlé rẹ̀ ń dípẹtà, àwọn pákó fẹ̀yìn ti ògiri níbẹ̀ bí àwọn tó ń retí kí wọ́n pè wọ́n wọlé. Ìyá Onípákó sunkún tó ẹkún sun, ó nujú, ó sì lọ sí ilé àlejò. Ó ní òun á máa ṣe atọ́nà fáwọn tó ń wọgbó, nítorí kò sí igi tí òun ò bá jà rí nínú igbó yẹn. Wọ́n gbà á. Ọjọ́ òjò, ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lójú ọ̀nà igbó.

Àfi òjò ọdún tó kọjá. Ẹrẹ̀ ló yọ̀ ọ́. Ó já lulẹ̀ lé orúnkún láàárín ọ̀rọ̀, débi pé àwọn àlejò tó ń tẹ̀ lé e rò pé ara àlàyé ni. Gbogbo wọn bá a jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀ tìfura tìfura, wọ́n ń retí ohun tó fẹ́ fi hàn wọ́n. Ìgbà tó ní "Ẹ gbé mi o, ẹ̀yin ọmọ ọlọ́mọ!" ni ojú wọn tó là.

Orúnkún yẹn ò padà sípò bó ṣe wà. Máníjà tún táì ṣe, ó pè é sí ọ́fíìsì.

"Ìyá, ẹ ti ṣe é. Ẹ ti gbìyànjú. Ẹ lọ sinmi."

"Kí n lọ sinmi síbo? Ibi kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí èèyàn ti ń sinmi tó bó ṣe yẹ, abẹ́ ilẹ̀ ni. Mo ti gbé abẹ́ ilẹ̀ rí, nínú kòtò. Mi ò fẹ́ràn ibẹ̀."

Máníjà kàn tún táì ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fún atọ́nà mìíràn ní iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí délùú, ó dé etí Dáwódù. Àkọ́bí Ìyá Onípákó ni, ọmọ dáadáa, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ bí ojú. Ìfẹ́ yìí gan-an ló ń bá ìyá jà. Dáwódù tẹ̀ ẹ́ láago.

"Màámi, Sátidé tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀ wá mú yín. A ti kun yàrá yín. Mo ti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá síbẹ̀. Ẹ ò ní í ṣe nǹkan kan mọ́ láyé."

"Èmi? Kí n má ṣe nǹkan kan? Kí ni mo ṣe ọ́, ọmọ mi?"

"Màámi, mò ń tọ́jú yín ni o!"

"Wọ́n ń fi òdòdó sínú ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń pè é ní ìtọ́jú. Gbọ́ mi dáadáa. Bí o bá dé lọ́jọ́ Sátidé tí o bá mi níbi tí mo fọwọ́ lẹ́rán, gbé mi sínú mọ́tò, mi ò ní í wí nǹkan kan. Àmọ́ bí o bá bá mi lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni o máa fi mí sí, ìwọ nìkan lo máa padà."

Dáwódù rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ fún arúgbó tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. "Mo gbà, Màámi. Ọ̀rọ̀ ti tán."

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀," ni ìyá wí, ó sì pa fóònù.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló fi wá iṣẹ́. Ilé ìdáná ilé àlejò ní àwọn ò nílò èèyàn. Ẹni tó ń fọ aṣọ ní ẹ̀rọ ti dé. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ó ku díẹ̀ kí ìyá máa kó ẹrù rẹ̀ jọ. Nígbà náà ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe òjò pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ o. Òjò tó rọ̀ yìí, àkèré gan-an sá kúrò nínú odò, ó wá gùn sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àlejò, ó ń wo ìta, ó ń mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè wọgbó. Nígbà tó fi di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn àlejò ti ń sú ara wọn. Tọkọtaya tuntun kan wà níbẹ̀ tí ìgbéyàwó wọn ò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, wọ́n ti kọ ẹ̀yìn síra.

"Mo ní ká lọ sétí òkun, o ò gbọ́," ni ìyàwó wí.

"Ṣebí omi lo fẹ́?" ọkọ na ọwọ́ síta. "Omi nìyẹn."

Lọ́yà obìnrin kan, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ti gbé báàgì rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Máníjà, ẹ ṣèlérí oòrùn tó ń yọ láàárín ewé. Ewé rèé. Ẹ mú oòrùn wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ," Máníjà ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Dráfù wà nílé."

"Dráfù tí ẹ fi ìdérí ìgò dí ọmọ rẹ̀ tó sọnù? A ti ta á títí, a ò mọ èyí tó jẹ́ ọba mọ́."

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé rèé tí Ìyá Onípákó fi yọ láti inú òjò, ọ̀rá lórí, ọ̀pá lọ́wọ́, omi ń kán láti imú rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo gbogbo wọn yíká.

"Ta ni iyọ̀ nínú yín?"

Wọ́n ń wo ara wọn.

"Mo ní ta ni iyọ̀?"

"Kò sí iyọ̀ níbí, Màmá," Lọ́yà ló dáhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe iyọ̀, òjò ò lè yọ́ ọ. Ẹ dìde, ẹ máa tẹ̀ lé mi."

Máníjà sáré dí i lọ́nà. "Ìyá, mo rò pé a ti parí ọ̀rọ̀ yìí! Ẹ ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni wọgbó mọ́."

"Ta ló fẹ́ mú wọn wọgbó?" Ìyá fi ọ̀pá sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń sún àga. "Igbó ni mo fẹ́ mú wá bá wọn."

Ó kó wọn lọ sí àgọ́ ìlagi. Páànù òrùlé àgọ́ yìí ti dípẹtà, ihò ara rẹ̀ pọ̀ ju ti asẹ́ lọ. Omi ń kán níbí, ó ń kán lọ́hùn-ún, ó ń kán láàárín. Máníjà, tó fi agbòjò tẹ̀ lé wọn, kò lè pa agbòjò náà dé nínú ilé.

"Àmọ́ òjò inú ilé yìí le ju tìta lọ!" ni ọkọ ìyàwó wí.

"Tìta ò níṣẹ́ lọ́wọ́," Ìyá dá a lóhùn. "Tibí ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́. Ẹ gbé pákó."

Ó ní kí olúkúlùkù yan pákó kan lára èyí tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní kí wọ́n ká àkísà méjì, kí wọ́n fi ọ̀kan sábẹ́ orí pákó, kí wọ́n fi ìkejì sábẹ́ ìdí rẹ̀, kí àárín rẹ̀ má fara kan ilẹ̀, nítorí pákó tó sùn sílẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n wá gbé e sábẹ́ ojú ibi tó ń jò. Bí wọ́n ti gbé àwọn pákó sábẹ́ òjò, kí wọ́n tó gbẹ́nu sílẹ̀, pákó ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ìrókò ń sọ gbùn-ùn, gbùn-ùn, bí àgbà tó ń húkọ́ nínú yàrá kejì. Apá ń sọ kọ̀n, kọ̀n, ó ń bínú. Arère fúyẹ́, fọ̀ọ́, fọ̀ọ́ ló ń sọ, bí ọmọdé tó ń sáré nínú ilé láì wọ bàtà. Lórí èyí, omi kán kíákíá. Lórí tọ̀hún, ó ń ronú kó tó kán.

"Ẹ pa ojú dé," Ìyá wí. "Ẹ ò gbọdọ̀ là á títí ẹ ó fi mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀."

Wọ́n pa ojú dé. Ìyá fi ọ̀pá sún pákó kúrò lábẹ́ ihò kan sí òmíràn, ó dà wọ́n rú, ó ní kí wọ́n dárúkọ igi.

"Ìrókò!" Lọ́yà kígbe.

"Arère ni."

"Mi ò gbà! Igi yìí ń purọ́!"

"Igi kì í purọ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn."

Ẹ̀rín gba inú àgọ́. Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá arère jà pé kó tún ohùn sọ. Ìyá kọ́ wọn pé bí pákó bá ti mu omi yó, ohùn rẹ̀ á há, àfi kí wọ́n yí i padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa gba òjò nígbà tí iwájú ń sinmi. Èyí ló jẹ́ kí gbogbo ilé máa dìde, máa bẹ̀rẹ̀, máa yí pákó, tí olúkúlùkù ń dáàbò bo igi tirẹ̀ bí ọmọ àgbàbọ́. Ó fún tọkọtaya tuntun ní pákó kan tó gùn ju gbogbo rẹ̀ lọ, tí omi ń kán sí méjèèjì ìpẹ̀kun rẹ̀. Ó ní àkísà ò lè gbé èyí, ọwọ́ wọn ni wọ́n máa fi gbé e: ọkọ ní orí, ìyàwó ní ìdí.

"Bí ọ̀kan bá jẹ́ kó já, méjèèjì ló máa dákẹ́," ni Ìyá wí fún wọn. "Kì í ṣe èmi ló sọ bẹ́ẹ̀. Pákó ni."

Ọkọ gbé orí, ìyàwó gbé ìdí. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Gbé e sókè díẹ̀," "Ìwọ, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀," bẹ́ẹ̀ ni ojú wọn ń bá ara pàdé, ẹ̀yìn tí wọ́n kọ síra ti di ohun àná. Kò sẹ́ni tó rántí báàgì mọ́. Àkèré yẹn náà, wọ́n ní ó fò wọlé, ó jókòó ti ìrókò, kò sì rìn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, kí Ìyá tó jí, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Àwọn àlejò yòókù tó ní àwọn ò lè tutù lánàá ti gbọ́, wọ́n ti bá wọn wá. Inú Máníjà dùn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí bí inú Máníjà bá dùn, kì í lè jókòó, àfi kó tún nǹkan ṣe. Ó wo àgọ́ náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó ní pákó dáa, àlejò dáa, Ìyá dáa. Àléébù kan ṣoṣo tó kù ni pé òrùlé ń jò.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òjò mí díẹ̀, tí Ìyá wà nílé tó ń fi omi gbígbóná jó orúnkún, Máníjà lọ pe Káfíńtà.

"Ṣé ẹ ti bi Ìyá?" Káfíńtà bi í bó ṣe ń gbé àkàbà ti ògiri.

"Ẹ̀bùn ni. Ta ló ń bi ẹni tó fẹ́ fún lẹ́bùn?"

Káfíńtà gun òkè, ó fi ọ̀dà dí ihò kéékèèké, ó kan páànù tuntun mọ́ àwọn ńláńlá. Aṣiṣẹ́kára ni. Nígbà tó fi sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀fọn ò lè yọ ẹnu wọlé. Ó fi àkàbà àti àpótí iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní òun á padà wá kan etí rẹ̀ láàárọ̀.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Dáwódù ti tẹ ìyá láago pé òun ti kúrò nílé. Òjò ti padà pẹ̀lú agbára. Ìyá ti wọ àgọ́, ó wà láàárín àwọn àlejò rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń retí kí ọmọ rẹ̀ dé bá òun níbi tí iṣẹ́ ti ń hó. Wọ́n gbé pákó kalẹ̀, wọ́n ká àkísà, wọ́n pa ojú dé.

Lókè, òjò ń pariwo bí ọjà tó kún. Nísàlẹ̀, pákó ò wí nǹkan kan.

Ìrókò dákẹ́. Apá dákẹ́. Arère tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́. Àwọn àlejò la ojú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, ó rí páànù tuntun tó ń dán.

"Ta ló dí ẹnu ilé mi?"

Máníjà bọ́ síwájú, eyín rẹ̀ funfun, ó ń tún táì ṣe. "Èmi ni, Ìyá! Òjò ò tún ní í pa yín mọ́!"

Ìyá wò ó bí ẹni tó rí aládùúgbò tó fi òwú dí ẹnu ọmọ rẹ̀ kó má baà ké.

"Máníjà," Lọ́yà sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "gbogbo ẹlẹ́rìí wa lẹ pa yìí."

"Káfíńtà ń kọ́?" Ìyá bèèrè.

Káfíńtà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dé láti wá kan etí òrùlé. Ó ti mọ̀ látàná pé ọ̀rọ̀ máa dà báyìí. "Ìyá, ẹ forí jì mí. Àmọ́ mi ò lè gun páànù nínú òjò yìí, ó ń yọ̀ bí ẹja. Ó di ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ."

"Ẹ ṣe sùúrù," ni Máníjà wí, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó tún—"

"Sùúrù? Nínú kòtò ni mo ti lo sùúrù tèmi tán!"

Ìyá mọ ohun tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Bí Dáwódù bá wọlé báyìí, kò ní í bá iṣẹ́, arúgbó kan ló máa bá tó jókòó láàárín pákó tó yadi. Yàrá tí wọ́n kùn ń dúró. Tẹlifíṣọ̀n ń dúró. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó ṣí àpótí Káfíńtà, ó mú òòlù, ó mú ìṣó tó tóbi jù, ó fi ìṣó sáàárín eyín, ó sì di àkàbà mú.

"Ìyá! Orúnkún yín!" Máníjà figbe ta.

Ìyá yọ ìṣó lẹ́nu. "Ìgbà tí mo fi ń la igi, ìsàlẹ̀ ni mo wà. Ẹlòmíràn ló ń rí ojú ọ̀run. Lónìí, mò ń lọ sókè. Ẹni tó bá dì mí mú, òòlù ni mo máa fi kí i."

Ẹnikẹ́ni ò dì í mú. Káfíńtà nìkan ló sáré wá tẹ ìdí àkàbà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìyá ń fi ẹsẹ̀ tó dáa ṣíwájú, ó ń fa èyí tí kò dáa bí ẹni ń fa ọmọ tí kò fẹ́ lọ síléèwé. Òjò ń nà án lójú. Ọ̀rá orí rẹ̀ fò lọ, kò bojú wẹ̀yìn wò ó. Ó dé ibi tí apá rẹ̀ tó òrùlé, ó na ọwọ́ gẹẹrẹ sórí páànù tuntun, ó gbé ìṣó lé e, ó la òòlù mọ́ ọn.

Gbà!

Nínú àgọ́, àwọn àlejò gbọ́ ọ: kọ̀n.

Apá ló kọ́kọ́ lanu. Ariwo ayọ̀ tí wọ́n pa, ẹyẹ igbó fò lórí igi. Ìyá tún lu òmíràn. Ibi tí èyí ṣí sí, kò bọ́ sórí pákó kankan, omi ń kán sí ilẹ̀ lásán, Ìyá ò sì rí ìsàlẹ̀ látibi tó wà.

Ibẹ̀ ni mọ́tò dúró. Dáwódù jáde pẹ̀lú aṣọ funfun báláú tí wọ́n lọ̀ tó le gan-gan. Ó gbójú sókè. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí àkàbà nínú òjò, ó ń lu òrùlé.

"Màámi! Ẹ gbà mí o! Màámi, kí lẹ ń ṣe lókè?"

"Káàbọ̀, Dáwódù. Ṣé àlàáfíà lo dé? Wọ inú ilé, kó o máa sọ fún mi ibi tó ń bọ́ sí."

"Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀!"

"Mo ní bọ́ sábẹ́ òrùlé!"

Ohùn yẹn, Dáwódù mọ̀ ọ́n. Ohùn tó máa ń ti inú kòtò jáde nígbà tó wà ní kékeré ni, ohùn tí bàbá rẹ̀ gan-an kò jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Kó tó ronú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e wọ àgọ́. Ó dúró lábẹ́ páànù, ó gbójú sókè, omi bọ́ sí i lójú ṣóó.

"Ó bọ́ síbo?" ìyá kígbe.

"Ojú mi ló bọ́ sí!"

"Ojú rẹ kì í ṣe igi. Pákó ń kọ́?"

"Ó kù díẹ̀! Ẹ sún sọ́tùn-ún, Màámi! Rárá, ọ̀tún tiyín!"

Gbà!

"Ó bọ́ sí i!"

Gbùn-ùn, ni ìrókò wí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ìyá lókè, ọmọ nísàlẹ̀. Bí ìyá bá lu ihò ní apá kan, Káfíńtà á gbé àkàbà lọ síbòmíràn, Dáwódù á fi ojú àti imú gba omi pẹ̀lú ìpẹtà, á máa kígbe. Aṣọ funfun ti di aláwọ̀ igi. Lọ́yà ń sáré gbé pákó tẹ̀ lé e, tọkọtaya ti gbé tiwọn sáàárín. Máníjà fúnra rẹ̀ tú táì ọrùn rẹ̀, èyí tí ojú ò rí rí, ó ká a, ó fi í sábẹ́ arère nítorí àkísà ò tó. Nígbà tí Ìyá fi sọ̀ kalẹ̀, gbogbo igbó ló ń sọ̀rọ̀ nínú àgọ́.

Dáwódù fún omi kúrò lápá aṣọ. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ǹjẹ́ o bá mi lẹ́nu iṣẹ́," Ìyá bi í, "àbí o ò bá mi?"

Dáwódù wo òòlù lọ́wọ́ ìyá, ó wo orúnkún rẹ̀, ó wo àwọn èèyàn tó pa ojú dé sídìí pákó.

"Màámi, ẹ lè já bọ́ o. Ẹ lè já bọ́ kí ẹ kú."

"Mo lè jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n kí n kú. Èyí tí mo bi ọ́ ni kó o dáhùn."

Dáwódù nu omi kúrò lójú. "Mo bá yín lẹ́nu iṣẹ́."

"Gbogbo ilé gbọ́ o!" Lọ́yà kígbe láì la ojú.

"Ṣùgbọ́n ẹ ò ní í gun àkàbà mọ́," Dáwódù wí.

"Bí wọ́n bá dí i, mo máa gùn ún." Ìyá kọjú sí Máníjà, tí ọrùn rẹ̀ rí bí adìyẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀. "Ọjọ́ oòrùn, tiyín ni, ìwọ àti àwọn atọ́nà rẹ. Ọjọ́ òjò, tèmi ni. Má sì tún fún mi lẹ́bùn láì bi mí."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

Dáwódù sun ibẹ̀ mọ́jú ọjọ́ kejì, nítorí ìrókò tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ò jẹ́ kó tètè dìde. Àárọ̀ Sọ́ńdè, ojú ọ̀run dá, ó wọ mọ́tò ní òun nìkan.

"Màámi, yàrá tá a kùn yẹn ń kọ́?"

"Gbé àga síwájú tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n máa wo ara wọn."

Mọ́tò lọ. Oòrùn ti yọ, ó mọ́lẹ̀ yòò láàárín ewé, bí Máníjà ṣe máa ń ṣèlérí rẹ̀. Àwọn àlejò ti tẹ̀ lé atọ́nà wọgbó, àgọ́ ṣófo, àwọn pákó ń gbẹ. Ìyá Onípákó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ara ti ọ̀pá, ó wo oòrùn náà títí. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó nà án sí i.

"Máa yọ," ó wí. "Yọ bó ṣe wù ọ́. Òjò ṣì ń bọ̀."